Wáìnì Pupa Ilẹ̀ Faransé: Ẹ Ka Orúkọ Ìlú Tó Wà Lára Ìgò

Ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ Ọjọ́bọ̀ rèé. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wọn ò gbé ohùn. Ohùn mẹ́rin ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Ohùn Kìíní

Ẹ̀yin ará wa ní Port Harcourt níbí, ẹ̀yin tó wà ní Aba, ní Onitsha, ní Warri, ní Calabar, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè lọ́hùn-ún ní Jos àti Kaduna, mo kí yín. Ọjà á máa tà o. Ẹ̀yin Àlùfáà wa àti ẹ̀yin Àlájì inú ẹgbẹ́, ẹ foríjì mí lálẹ́ òní, ọ̀rọ̀ ọtí ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni mu ún.

Ohun tó fà á ni ìbéèrè tí ìyá wa tó ń ta ohun mímu ní Aba bi wá lánàá. Wọ́n ní owó àjọ àwọn ti bọ́ sí àwọn lọ́wọ́, ẹnì kan sì ń pe àwọn láti Èkó pé òun ní wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé, ogójì páálí, oríṣiríṣi, kí àwọn kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ de ọdún Kérésì. Wọ́n ní ṣé kí àwọn sanwó. Àwọn kan nínú wa dáhùn pé, "Faransé ni, ó máa tà." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbé fóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ní aṣọ tí òun fẹ́ tà, ṣé ẹ ò ní bi í pé àǹkárá ni, àbí léèsì, àbí òfì? Wáìnì pupa Faransé náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Èyí tí oníbàárà Aba á fi owó gọbọi rà wà níbẹ̀. Èyí tó máa dá padà fún yín pẹ̀lú èébú wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, kí ẹ má bàa rò pé mo kàn ń ṣe ọ̀mọ̀ràn. Ọdún kẹta tí mo dé Port Harcourt, mo ra ẹrù kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí mo ń bá rajà ní Èkó. Páálí méje nínú rẹ̀, Bourgogne ni wọ́n kọ sí i lára. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìgò kan, mo dà á sínú ife, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, mo gbé ife sókè mo sì ń rí ìka ọwọ́ mi láti òdìkejì. Àfi bíi zóbò tí wọ́n tún bomi lé. Mo tọ́ ọ wò, kò dùn, ó kan díẹ̀. Ara mi ti ń sọ fún mi pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tà á tí ọkùnrin kan tó ra ìgò mẹ́ta fún ọjọ́ìbí ìyàwó rẹ̀ fi kó o padà wá. Ó ń pariwo láàárín ọjà pé mo bomi sí wáìnì, pé èmi àjèjì yìí fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Wọ́n fà mí dé ọ̀dọ̀ àwọn olórí ọjà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá pe èèyàn ní oníjìbìtì ní ìlú onílùú. Èdè tí ẹ ó fi gba ara yín sílẹ̀ gan-an kì í ṣe tiyín. Mo dá owó ìgò mẹ́ta padà, mo sì tọrọ gáfárà lórí ohun tí mi ò ṣe. Mo wá kó gbogbo èyí tó kù fún ẹnì kan tó ń ra ẹrù fún òtẹ́ẹ̀lì, iye tí mo gbà kò tó ìdajì owó tí mo fi rà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo bọ́.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà, òyìnbó Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ epo wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní wọ́n júwe mi fún òun, ṣé mo ṣì ní Bourgogne tí òun mu ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Mo bi í pé èló ló fi mu ún. Nígbà tó sọ ọ́, mo jókòó. Owó ìgò kan ṣoṣo níbẹ̀ ju iye tí èmi gbà lórí odindi páálí lọ. Ó rí i pé ojú mi yí padà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi. Kò sí omi kankan nínú wáìnì yẹn. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bèèrè, tí mo ń kàwé nípa rẹ̀, tí mo sì ń tọ́ wò.

Ohùn Kejì

Mo ti padà dé o. Oníbàárà ló wọlé.

Wáìnì South Africa àti ti Chile tí ẹ ń tà, wọ́n máa ń kọ Merlot, Shiraz, Cabernet Sauvignon gàdàgbà sára ìgò. Orúkọ irú èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Àwọn Faransé kì í sábà kọ èyí. Orúkọ ibi tí wọ́n ti gbin àjàrà náà ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá mọ ibẹ̀ ti mọ ohun tó wà nínú ìgò. Wọ́n ní ilẹ̀, oòrùn, òjò àti ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ ló ń ṣe wáìnì. Terroir ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa. Tí ẹ bá ti gbọ́ gàrí Ìjẹ̀bú, ta ló tún ní láti sọ fún yín pé ó gbẹ, pé ó kan? Ọ̀fadà ńkọ́? Ìlú ni kó tó di pé a ń fi pe ìrẹsì. Ohun tí tiwọn fi yàtọ̀ ni pé òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1935, ìjọba wọn dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INAO báyìí, òun ló ń bójú tó orúkọ ibi tí wáìnì ti wá. Òfin sọ ibi tí ààlà ilẹ̀ dé, irú àjàrà tí wọ́n lè gbìn síbẹ̀, iye tí wọ́n lè kó lórí ilẹ̀ náà, àti bí agbára ọtí rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tó. Èyí tó bá pé ni wọ́n ń kọ Appellation d'Origine Contrôlée sí, tàbí Protégée, orúkọ ìlú á sì wà láàárín. IGP ló tẹ̀ lé e, òfin tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Vin de France sí lásán, wọ́n lè kó àjàrà rẹ̀ jọ láti ibikíbi ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, bí alájàpá bá ní òun ní "wáìnì Faransé", ẹ bi í pé ìlú wo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọ̀, torí òun ló kó bá mi. Tí ẹ bá fún ọ̀pọ̀ àjàrà dúdú, omi tó máa jáde mọ́ ni, kò pupa. Èèpo ló ń fún un láwọ̀. Wọ́n á fọ́ àjàrà, wọ́n á jẹ́ kí omi àti èèpo jọ wà pọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi hó, bí a ṣe ń rẹ ìṣápá sómi kó tó di zóbò. Àjàrà tí èèpo rẹ̀ nípọn á jẹ́ kí wáìnì dúdú. Àjàrà tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Kò kan ọ̀rọ̀ pé ó dára tàbí kò dára. Èèpo yìí kan náà ló ní ohun tí wọ́n ń pè ní tánìnì. Tí ẹ bá ti jẹ obì, tàbí kajú tí kò pọ́n, tàbí tí ẹ gbàgbé Lípítọ̀nì sínú omi gbígbóná tí ẹ sì mu ún láìfi mílíìkì sí i, ahọ́n yín á gbẹ, ẹnu yín á ká kò. Tánìnì nìyẹn. Kì í ṣe pé ọtí ti bàjẹ́.

Ti ṣúgà ńkọ́? Ìwúkàrà ti sọ ṣúgà inú àjàrà di ọtí tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì pupa Faransé kì í fi í dùn bí èyí tí ọ̀pọ̀ oníbàárà wa mọ̀. Bí ẹ ò bá sọ èyí fún oníbàárà kó tó sanwó, ẹ̀ẹ́ tún un sọ fún un níwájú àwọn olórí ọjà.

Ohùn Kẹta

Ohùn yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ bu omi mu.

Bordeaux ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, òun ló pọ̀ jù lọ́jà wa. Ìlú èbúté ni, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Faransé. Odò méjì, Garonne àti Dordogne, pàdé níbẹ̀, wọ́n di odò Gironde, wọ́n sì jọ ṣàn lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ̀gbẹ́ odò tí wọ́n bá ti gbin àjàrà ló ń sọ bí wáìnì ṣe máa rí. Ní ọwọ́ òsì odò, ní agbègbè Médoc, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀; ó ń mú ooru dání, omi kì í sì í dúró níbẹ̀. Cabernet Sauvignon tí kì í tètè pọ́n ló fẹ́ràn ibẹ̀. Wáìnì rẹ̀ dúdú, ó le lẹ́nu nígbà tó bá ṣì kéré, ó ń ta sánsán bí èso tí wọ́n fi ń ṣe Ribena, àti bí igi kédárì, àti bí ewé tábà tó ti gbẹ. Margaux, Pauillac, Saint-Julien, apá ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ní Saint-Émilion àti Pomerol, amọ̀ àti ilẹ̀ ẹfun ló pọ̀, Merlot ni wọ́n sì ń gbìn jù. Wáìnì tibẹ̀ rọ̀ lẹ́nu ju ti òdìkejì lọ. Oníbàárà tó bá fẹ́ Bordeaux àmọ́ tó ń ráhùn pé ó le, ẹ fún un ní ti ọwọ́ ọ̀tún.

Ní 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta fẹ́ ṣe àfihàn ńlá ní Paris, wọ́n ní kí wọ́n to àwọn wáìnì Bordeaux ní ipò ipò. Àwọn alárinà ọjà ló to wọ́n, iye tí oko kọ̀ọ̀kan ti ń tà lọ́jà ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ rí i pé ọlọ́jà náà ló ṣe é! Ipò márùn-ún ni, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Àyípadà ńlá tó dé bá a kò ju ẹyọ kan lọ: ní 1973, wọ́n gbé Mouton Rothschild sókè láti ipò kejì sí ipò kìíní, ó bá Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion níbẹ̀. Owó ìgò kan nínú àwọn yìí lè ra ọ̀kadà. Bí ẹnì kan bá ní òun ní Lafite ní owó pọ́ọ́kú, ẹ dágbére fún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wúrà ara ìgò dẹ́rù bà yín. Château túmọ̀ sí ààfin, ṣùgbọ́n lára ìgò, orúkọ oko lásán ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ààfin kankan. Grand Vin de Bordeaux náà, tí wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ, kò sọ ipò kankan fún yín. Bordeaux Supérieur ní tiẹ̀ ní ìtumọ̀ lábẹ́ òfin: òfin tiẹ̀ le díẹ̀ ju ti Bordeaux lásán lọ. Èyí tó dára fún hámpà ọdún nìyẹn, torí orúkọ rẹ̀ ń dún, owó rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ga.

Ó kan Bourgogne tó sọ mí di oníjìbìtì. Ìlà oòrùn ni èyí wà, láti ìlú Dijon sọ̀kalẹ̀ lọ sí Beaune, òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Côte d'Or. Àjàrà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì pupa ibẹ̀, Pinot Noir. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí ìka ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ fi imú sí i: ẹ máa gbọ́ òórùn ṣẹ́rì (mi ò sọ agbálùmọ̀ tí àwọn kan ń pè ní ṣẹ́rì o, ṣẹ́rì pupa kékeré ti òyìnbó ni), àti rásíbẹ́rì. Tó bá ti pẹ́ nínú ìgò, ó ń rùn bí olú, àti bí ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Tánìnì rẹ̀ ò pọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mu máa ń mu ún díẹ̀díẹ̀, kò ní jẹ́ kó tètè tán.

Kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ ò tó. Ní àtijọ́, àwọn mọ́ǹkì ìjọ Àgùdà ló ni púpọ̀ nínú oko wọ̀nyẹn, pàápàá àwọn ti Cîteaux. Àwọn ló ṣàkíyèsí pé ebè tó wà ní apá ibí kì í so bí èyí tó wà ní apá ọ̀hún. Nígbà tí àwọn Faransé dojú ìjọba dé lẹ́yìn 1789, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ, wọ́n tà á. Òfin ogún tí Napoleon ṣe wá ní kí gbogbo ọmọ pín ogún bàbá wọn dọ́gba. Bàbá kú, wọ́n pín oko sí mẹ́rin. Ọmọ kú, wọ́n tún pín in. Ẹ̀yin tí wọ́n ti bá du ilẹ̀ ẹbí nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Oko kan wà tó ń jẹ́ Clos de Vougeot, kò ju nǹkan bí 50 hẹ́kítà lọ, àwọn tó ni ín lónìí sì tó nǹkan bí 80. Ẹlòmíì, ìlà ebè mélòó kan péré ni tiẹ̀. Olúkúlùkù ń ṣe wáìnì tirẹ̀, orúkọ oko kan náà ni gbogbo wọn sì ń kọ sára ìgò! Nítorí náà, ní Bourgogne, ẹ má wo orúkọ ìlú nìkan, ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣe é.

Ipò mẹ́rin ni wọ́n ní. Èyí tí wọ́n kọ Bourgogne lásán sí ló wà nísàlẹ̀. Òun ni mo tà dànù, ẹ wá rò ó wò bí ti òkè ṣe máa rí. Orúkọ abúlé ló tẹ̀ lé e, bíi Pommard, Volnay, Gevrey-Chambertin. Premier Cru ló tún tẹ̀ lé e, Grand Cru sì wà lókè pátápátá. Oníbàárà tiwa tó wà fún Bourgogne kò pọ̀: àwọn òtẹ́ẹ̀lì, àwọn òyìnbó iṣẹ́ epo, àwọn tó ti gbé òkè òkun. Ẹ má kó o jọ láìjẹ́ pé ẹ ti mọ ẹni tó máa rà á.

Beaujolais wà nísàlẹ̀ Bourgogne, lọ́nà Lyon. Gamay ni àjàrà tiwọn. Olórí ilẹ̀ Bourgogne kan, Philip, fi òfin lé Gamay kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní 1395, ó ní àjàrà burúkú ni, ó ń so jù. Àjàrà tí wọ́n lé yìí wá rí ilẹ̀ olókùúta àpáta tó bá a lára mu ní Beaujolais, ó sì di olókìkí níbẹ̀. (Ẹ̀yin tí wọ́n ti lé kúrò ní ọjà kan rí, ẹ kú orí ire.) Wáìnì rẹ̀ fúyẹ́, ó ń ta sánsán bí èso tútù, kò le lẹ́nu, ẹ sì lè gbé e sí fíríìjì. Ó bá oúnjẹ alátata mu, torí wáìnì tí tánìnì àti agbára ọtí rẹ̀ pọ̀ máa ń jẹ́ kí ata túbọ̀ ta ni. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ Nouveau sí: Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e jáde, kí wọ́n mu ún kíákíá ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta Nouveau ọdún mẹ́ta sẹ́yìn fún yín, ó ń wá ẹni tó máa bá a da ìdọ̀tí nù ni.

Ẹ tún sọ̀kalẹ̀ sí i, ẹ máa bá odò Rhône pàdé. Apá òkè rẹ̀ jẹ́ òkè gàǹgà gàǹgà tí wọ́n ń gùn bí àkàbà kí wọ́n tó lè ká àjàrà. Syrah ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pè ní Shiraz ní Australia. Côte-Rôtie, Hermitage, Cornas, Crozes-Hermitage, ẹ fi àwọn orúkọ yẹn sọ́kàn. Wáìnì wọn dúdú, ó ń rùn bí ata dúdú, ìyẹn ọmọ ìyá ìyèré tiwa, àti bí ẹran tí wọ́n yan. Láyé ọjọ́un, àwọn ọlọ́jà Bordeaux máa ń rọ Hermitage mọ́ tiwọn kó lè lágbára, wọn ò sì fi bò. Wọn ò pe àwọn yẹn ní oníjìbìtì.

Apá ìsàlẹ̀ Rhône gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Grenache ni olórí àjàrà wọn, wọ́n sì ń pò ó mọ́ àwọn mìíràn. Châteauneuf-du-Pape ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Orúkọ náà túmọ̀ sí ilé olódi tuntun ti Póòpù, torí pé àwọn Póòpù fi Róòmù sílẹ̀, wọ́n ń gbé ní Avignon, ìlú ìtòsí rẹ̀, láti 1309 sí 1377. Òkúta ńláńlá rìbìtì ló bo ilẹ̀ ọ̀pọ̀ oko wọn. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn wáìnì wọn débi pé ní 1954, olórí ìlú wọn ṣòfin pé ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará ayé mìíràn kò gbọ́dọ̀ balẹ̀ sínú oko àjàrà àwọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òfin gidi ni. Agbára ọtí rẹ̀ máa ń tó 14 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ó kún ẹnu, ó gbóná láyà. Àbúrò rẹ̀ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni Côtes du Rhône, òun sì ni èmi ń tà jù nínú gbogbo wáìnì Faransé. Èso rẹ̀ pọ́n dáadáa, kò le tó Médoc, àwọ̀ rẹ̀ ṣú tó kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ bomi sí i. Ó bá àsun mu gan-an, bí ata ò bá pọ̀ jù.

Àwọn ìyókù, kíákíá. Chinon àti Bourgueil wà ní etí odò Loire. Cabernet Franc ni wọ́n fi ń ṣe é, ó fúyẹ́, ó sì ń rùn díẹ̀ bí ata rodo tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já, láìta. Cahors, Malbec ni, ó dúdú bí aró, ó le. Languedoc wà létí òkun gúúsù, wáìnì ibẹ̀ pọ̀ lọ súà, owó rẹ̀ kì í ga. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí Pays d'Oc, èyí tí òfin gbà kí wọ́n kọ orúkọ àjàrà sára rẹ̀, bíi Merlot tàbí Syrah. Oníbàárà tó mọ Merlot ti South Africa kò ní sọnù níbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ adùn ńkọ́? Tiwọn náà wà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ò sì mọ̀. Lẹ́bàá ààlà Sípéènì, ìlú méjì wà, Banyuls àti Maury. Wọ́n máa ń da ọtí líle sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń hó lọ́wọ́, ìyẹn á dá ìwúkàrà dúró, ṣúgà á sì kù nínú rẹ̀. Ó dùn, ó ń rùn bí èso gbígbẹ àti kòkó, agbára ọtí rẹ̀ máa ń tó 16. Àwọn tó máa ń ṣòwò dé Kútọnu àti Lomé, ẹ lè bá wa wo bóyá ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wò lára ìgò ni vin doux naturel. Doux, adùn ni. Sec, kò ní ṣúgà.

Ohùn Kẹrin

Èyí kúrú. Ooru ló ń pa wáìnì ní ìlú wa ju ohunkóhun lọ. Ìwọ̀n bíi 12 sí 14 ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Ṣọ́ọ̀bù wa tí ó ní páànù lórí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí lọ́sàn-án. Ooru á ti kọ́ọ̀kì síta, wáìnì á máa jò lẹ́nu ìgò, èyí tó kù nínú rẹ̀ á máa rùn bí èso tí wọ́n sè. Ẹ má tò ó sójú fèrèsé kó lè dára lójú. Ẹ dùbúlẹ̀ ìgò oníkọ́ọ̀kì kí kọ́ọ̀kì má gbẹ, ẹ gbé e sísàlẹ̀, sí ibi tó ṣókùnkùn. Wọ́n sì máa ń sọ pé kí wọ́n mu wáìnì pupa bó ṣe wà nínú yàrá, àmọ́ yàrá Faransé ni wọ́n ń wí. Ẹ sọ fún oníbàárà kó gbé e sí fíríìjì fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó tó ṣí i. Wáìnì gbígbóná, ọtí nìkan lèèyàn máa gbọ́ níbẹ̀.

Ìgò náà ń sọ̀rọ̀ o. Èyí tí èjìká rẹ̀ ga, tó dúró ṣánṣán, ti Bordeaux ni. Èyí tí èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, Bourgogne, Beaujolais tàbí Rhône ni. Bí bébà bá ní Bourgogne, tí ìgò sì jẹ́ ti Bordeaux, ẹ béèrè ìbéèrè. Nọ́ńbà NAFDAC náà, ẹ wá a.

Wàyí o, ìyá wa ní Aba. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ ní kí ọkùnrin yẹn ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ìgò kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fọ́tò páálí, kó sì sọ ibi tí ó kó ẹrù náà sí láti ìgbà tó ti dé, bóyá nínú kọ̀ǹténà lójú oòrùn ni. Kó sọ iye páálí tó jẹ́ ti ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí Bordeaux Supérieur, Côtes du Rhône àti Pays d'Oc bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí mẹ́wàá, kì í ṣe ogójì. Owó àjọ ni, ẹ̀ẹ́ ṣì máa dá a títí yóò fi kan ẹni tó gbẹ̀yìn. Bí Bourgogne bá wà níbẹ̀, ẹ má kọ̀ ọ́ o. Ẹ pè mí. Mo ní ẹni méjì ní Port Harcourt níbí tó máa rà á, owó yín á sì pé ju èyí tí èmi gbà lọ. Tó bá jẹ́ pé Vin de France ni gbogbo rẹ̀ tó sì ń pè é ní Bordeaux fún yín lórí fóònù, ẹ bá mi kí i.

Ẹ fi fọ́tò yẹn sórí gbàgede ẹgbẹ́ bó bá ti dé, gbogbo wa á jọ wò ó. Mo ń ti ṣọ́ọ̀bù báyìí, jẹnẹrétọ̀ ti ń kú. Ẹ kú alẹ́ o.